Dókítà Tó Dúró Lẹ́yìn Ògiri

Ọjọ́ kẹta tí Kerri, nọ́ọ̀sì ará Ọsirélíà, dé erékùsù wa ní Tóńgà ni Lupe wọ ilé ìwòsàn. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Láti ọjọ́ Àìkú ni omi ti ń jò lára rẹ̀, ojú sì ń tì í láti sọ, ó ní bóyá ìtọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ká èso ní Niu Sílándì láti oṣù méje.

Dókítà Saia gbójú sókè, ó rí i, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

"Dókítà, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wà."

Ó na ìwé tó kọ ìbéèrè sí wọlé lójú fèrèsé. Ṣé ara ìyá gbóná? Ṣé ọkàn rẹ̀ ń sáré? Ti ọmọ ńkọ́? Ṣé omi náà ń rùn?

"Ara rẹ̀ gbóná," ni Kerri wí. "Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ọgọ́fà, ti ọmọ ń lọ sí ọgọ́sàn-án. Omi yẹn ń rùn bí ẹja àná."

"Àrùn ti wọ àpò tí ọmọ wà. Tá a bá dúró de ọkọ̀ ojú omi ọ̀la, àwọn méjèèjì lè kú. Fún un lábẹ́rẹ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

"Ẹ wọlé wá gbẹ̀bí nígbà náà. Èmi ò gbẹ̀bí rí."



Lupe di ọwọ́ Kerri mú. "Ẹ má jẹ́ kó wọlé, nọ́ọ̀sì. Kàkà kó rí mi báyìí, kí n kú."

Kerri yọrí lójú fèrèsé. "Ojú ò tì ọ́? O fún un lóyún tán, o wá ń fara pamọ́."

Àwọn obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì dorí kodò. Ọ̀kan ráhùn pé, "Ẹnu àlejò yìí mà mú ju abẹ dókítà lọ."

Saia wọlé. Lupe fa aṣọ bo ojú. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí ọmọ fi jáde, tó sunkún. Saia fọ ọwọ́, ó padà sẹ́yìn ògiri, ó jókòó sílẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ó yẹ kó sunkún," ni Kerri sọ fún Ìyá Kalo, àgbà tó ń nu ilẹ̀. "Kó kúkú fẹ́ ẹ."

Ìyá Kalo fi àkísà sílẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì, láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Saia ò ti wọ yàrá tí arábìnrin rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ sí, ọkùnrin kankan nínú wa kì í sì í wọ yàrá arábìnrin rẹ̀, èèwọ̀ ni."