Ẹni Tó Ń Tẹ Bíréèkì

Ẹsẹ̀ ta ló ń tẹ bíréèkì náà? Ìbéèrè yìí kò tètè wá sọ́kàn Adégòróyè, nítorí pé lábẹ́ ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀ láti ọdún méjì, ó ti gbọ́ tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé. Ó bọ́gbọ́n mu kó gbà pé ìyàwó òun ló wọlé. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́kù nínú páìpù bíréèkì lálẹ́ yìí, bíréèkì kò ní mú, kò sì ní lè fi ọkọ̀ náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ ṣègbéyàwó lọ́la.

"Tẹ̀ ẹ́!"

Ó tú nọ́ọ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nínú páìpù náà. Ó yẹ kí ẹni tó wà lókè dáhùn pé òun ti tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìdáhùn. Dípò ọ́ìlì, omi kíki bí ọyún ṣàn wọ abíyá rẹ̀. Irun wà nínú rẹ̀, ó sì ń rùn bí òkú eku. Adégòróyè tutọ́.

"Ìyá Ìbùkún, ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni?"

"Ẹ tún ti ń bá ọkọ̀ yín sọ̀rọ̀!" Ohùn ìyàwó rẹ̀ wá láti ilé ìdáná. "Ẹ ṣe sùúrù, mo ń bọ̀ wá bá yín tẹ̀ ẹ́."

Àga ọkọ̀ dún lókè orí rẹ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́," ni ohùn kan dáhùn.