Ẹ̀rí Tí Dámi Jẹ́ Kó Tó Ka Ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọwọ́ sí ìwé tí ẹ ò tíì kà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan tí kì í gba ìmọ̀ràn.

1.
Dámi àti Tóyọ̀sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, jọ ń gbé ní Co-op City, ní Bronx, New York. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe géèmù kan, Màmá Ń Wá Ata, nípa ìyá arúgbó kan tó ń wọ subway, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kiri Bronx nítorí ata rodo. Dámi ló kọ kóòdù rẹ̀. Tóyọ̀sí, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manhattan, ló ya gbogbo àwòrán rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, lálọ lábọ̀. Ní ilé ìtajà géèmù tó tóbi jù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn ń dúró dè é.

Àmọ́ ilé ìtajà ńlá yìí máa ń yọ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tí géèmù bá pa. Èyí ń bí Dámi nínú.

"Kí ni wọ́n bá wa ṣe níbẹ̀? Ṣé àwọn ló wọ bọ́ọ̀sì?"

Kò kúkú purọ́.

2.
Ni ilé ìtajà tuntun kan bá dé, ó ní mẹ́wàá péré lòun máa yọ. Orúkọ Dámi nìkan ló wà lórí iléeṣẹ́ tí òun àti Tóyọ̀sí jọ ní, ló bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Sátidé láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní Sọ́ńdè, nígbà tó kan ẹ̀rí jíjẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Grand Concourse, ó gba máìkì, ó ní Olúwa ti já òun gbà lọ́wọ́ amúnisìn. Pásítọ̀ Titus ní kó jó, ó sì jó.

Tóyọ̀sí ò jó. Bí wọ́n ṣe délé ló gba ìwé náà, ó kà á tán.

"Dámi, ṣé o rí ojú ewé kọkànlá? Ọdún méjì gbáko, a ò gbọdọ̀ tà á níbòmíràn. Tí wọ́n bá kógbá wọlé ńkọ́? Wọ́n fún ẹ ní ọjọ́ méje láti yí ọkàn padà. Fi email ránṣẹ́ sí wọn lónìí."

"Mo ti jẹ́rìí sí i níwájú ìjọ. Ẹyin lohùn, sister mi. Tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́."

"Ojú ló ń tì ẹ́, o wá ń fi òwe bojú."

Òótọ́ ni, ojú ń tì í. Ọjọ́ méje kọjá, Dámi ò kọ nǹkan kan.

3.
Inú bí àwọn tó ń dúró de géèmù náà ní ilé ìtajà ńlá, pé ó ti kó lọ síbòmíràn. Dámi fún wọn lésì pé ẹni tí kò bá wù kó má rà á, wọn ò sì rà á lóòótọ́. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìdíje le débi pé ilé ìtajà ńlá dín ìpín tirẹ̀ kù sí mẹ́wàá. Ilé ìtajà tuntun ò lè bá a figagbága mọ́, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ra ìwé àdéhùn lọ́wọ́ wọn kò dá Dámi lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò tú u sílẹ̀. Màmá Ń Wá Ata ò sí lórí igbá kankan mọ́.

"Ọdún mẹ́rin mi nínú bọ́ọ̀sì, Dámi," ni Tóyọ̀sí wí, ó sì sunkún.

4.
Sọ́ńdè kan, Dámi tún gba máìkì.

"Ìwé tí mi ò kà ni mo jó fún níbí. Ilé ìtajà kọ́ ló pa mí, ẹnu mi ni."

"Brother Dámi, ṣé ẹ̀rí nìyí?" Pásítọ̀ Titus na ọwọ́ sí máìkì.

"Ẹ̀rí ni, sà, ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín. Ìwé tiyín tó wà nílé, ẹ lọ kà á."

Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Tóyọ̀sí nìkan ló dìde dúró.

Nígbà tí wọ́n délé, Tóyọ̀sí gbé ìwé àdéhùn kan síwájú Dámi. Ti géèmù tuntun ni, orúkọ Tóyọ̀sí nìkan ló wà lórí rẹ̀, Dámi yóò kàn jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Dámi fa bírò yọ. Lẹ́yìn náà ó gbé bírò sílẹ̀, ó fa àga, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá alágbára jà, mi ò ní kẹ́ ẹ má jà. Àmọ́ ẹ kàwé kẹ́ ẹ tó jó. Tẹ́ ẹ bá sì ti jó tán kẹ́ ẹ tó rí àṣìṣe, ẹ jẹ́ kójú tì yín lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ gba iṣẹ́ ọdún mẹ́rin là. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.