Kabúrétọ̀ Píjò

Mẹkáníìkì tẹrí bọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ kan. Kabúrétọ̀ Píjò ló jókòó lórí ẹ́ńjìnnì ìjàpá, ó sì tẹ̀ sápá òsì díẹ̀. Ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, ẹnì kan ṣoṣo ló ń to ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀: àbúrò rẹ̀, tó wa ìjàpá tirẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ léṣìí, tí wọn kò rí awakọ̀, tí wọn kò rí ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákẹ́ jù," oníbàárà tó gbé ọkọ̀ náà wá wí lẹ́yìn rẹ̀. "Àbí ẹ dá ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ ni?"

"Níbo ni n ó ti dá a mọ̀? Àlòkù ni gbogbo wọn, ojú kan náà ni wọ́n ní."

Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà fi ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa lọ, kí òun lè sáré lọ bá ọlọ́pàá.

"Kabúrétọ̀ yẹn ló ń da epo nù." Oníbàárà mú sípánà. "Ẹ jẹ́ n bá yín tú u."

"Ẹ rọra o! Ẹ má fagbára tú u. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n gé fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀ kó lè bá ẹ́ńjìnnì mu, kíá ló máa ya."

Ọwọ́ oníbàárà dúró. Ẹnikẹ́ni kò tíì tú nọ́ọ̀tì kankan lára ẹ́ńjìnnì náà. Kò sí ojú tó lè rí ohun tó wà lábẹ́ kabúrétọ̀.

Oníbàárà rìn lọ sẹ́nu géètì, ó tì í, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ó mà ṣe o," ó wí jẹ́jẹ́. "Bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ṣe kìlọ̀ fún mi gan-an nìyẹn."

Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.