Orí Bàálù

Báyọ̀ ti kùnà ìdánwò fífò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún kùnà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ bàálù yóò lé e, yóò sì padà sí Ìdímù wá máa wo bàálù láti ìsàlẹ̀ bíi ti gbogbo ayé. Nígbà họlidé ọdún 1989, àǹtí rẹ̀, Susanna, mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣóbọ̀wálé ní Gowon Estate. Nítorí fìlà awakọ̀ bàálù kan tí àwọn ará ìjọ rí ní pálọ̀ bàbá náà, Kápùténì ni wọ́n ń pè é. Kò ní kí wọ́n má pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá kò kí Báyọ̀ káàbọ̀. Bàtà rẹ̀ ló wò.

"Ṣé ìwọ ni ẹyẹ tí ò mọ̀ ọ́n fò?"

Fọ́tò aláwọ̀ kan wà lára ògiri: ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ṣáàtì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Fìlà náà rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báyọ̀ nawọ́ sí i.

"Fi í sílẹ̀. Orí tó ń dé e kì í ṣe irú tìẹ."

Bàbá tan fáànù. Ó gé páálí mílíìkì bí apá bàálù, ó fi okùn dì í mú níwájú atẹ́gùn. Ó gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, páálí náà dìde. Ó gbé e sókè jù, páálí náà gbọ̀n, ó sì ṣubú.

"Atẹ́gùn ò lè tẹ̀lé ẹ̀yìn apá mọ́. Ó ti lọ. Kí lo máa ṣe?"

"Màá fa ọ̀pá ìdarí mọ́ra, sà. Màá gbé orí bàálù sókè."

"Káre. Bàtà yìí nìkan ni wọ́n máa rí sin."

"Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń bọ̀ wá bá mi, sà."

"Ìdí tí òmùgọ̀ fi ń fà á nìyẹn. Tì í síwájú. Rẹ orí ẹ̀ sílẹ̀, kí atẹ́gùn tún gbá apá mú, kó o tó gbé e dìde. Lúsíférì náà ò fẹ́ gbọ́ èyí."

Ó gbé igi ìgbálẹ̀ sáàárín orúnkún Báyọ̀. Bó bá ti ní, "Atẹ́gùn ti lọ," ọwọ́ Báyọ̀ á fa igi mọ́ra.

"Kí ló ń ṣe ọwọ́ ẹ gan-an?"

"Àǹtí mi ni, sà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà pé orí ni mo máa jẹ́, mi ò ní jẹ́ ìrù. Kò mọ́ mi lára kí n rẹ orí sílẹ̀."

Bàbá yọ aago onídẹ kan lápò, ó wò ó, ó dá a padà.

"Ọlọ́run ló ń gbọ́ àdúrà. Bàálù ò gbọ́. Gbé igi."

"Ṣé ó ti ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí lókè, sà?"

"Aláròyé. Mo ní gbé igi."

Kí họlidé tó parí, ọwọ́ Báyọ̀ ti ń ti igi síwájú fúnra rẹ̀. Ó padà síléèwé, ó sì yege.

Susanna gbé àkùkọ kan lọ sí Gowon Estate. Bàbá ò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Cecilia, ló gbà á.

"Ẹ bá wa dúpẹ́, mà," ni Susanna wí. "Àwọn tíṣà iléèwé ẹ̀ kàn ń ka ìwé lásán ni jàre. Ẹni tó ti fò rí ló lè kọ́ni ní fífò."

Màmá Cecilia so ẹsẹ̀ àkùkọ náà mọ́ igi fèrèsé.

"Rélùwéè ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì, kò wọ bàálù rí," ó ní, "inú ìwé Olúgbénga ọmọ wa tó ni fìlà yẹn ló ti ka gbogbo ẹ̀, lẹ́yìn tá a sin bàtà ọmọ náà, nítorí nígbà tí atẹ́gùn lọ, orí ló gbé sókè, bí bàbá ẹ̀ ṣe ń gbàdúrà fún un láràárọ̀."