Èyí Tó Sún Mọ́lé

"Yunifásítì ti Boston ńkọ́, Mọ́mì?"

"Ó jìnnà. Pa á rẹ́."

Ọmọbìnrin tó fẹ́ di dókítà náà fa ìlà lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń fọ abọ́, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Lórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, Emmett, àbúrò ọmọbìnrin náà, tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ń mí gúlegúle.

"Ti Omaha níbí nìkan ló kù! Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ jìnnà?"

"Ìgbà yẹn nìyẹn."

"Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára mi lọ́sẹ̀ tó kọjá wá ńkọ́? Ẹ ní yunifásítì ló bèèrè fún un."

Omi ẹ̀rọ dákẹ́. Ọmọbìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá ti gbà wọlé ni wọ́n ti ń bèèrè àyẹ̀wò ara. Òun ò tíì kọ̀wé sí yunifásítì kankan.

"Mọ́mì, yunifásítì wo?"

Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi ìka tútù tẹ̀ ẹ́ níhà, ní ọ̀gangan kíndìnrín, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ píà wò bóyá ó ti rọ̀.