Jókòó, Tarjo

"Jókòó, Tarjo."

Tarjo ò jókòó. Iná ti ń lá òrùlé, àwọn panápaná Surabaya tó wà níbẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Pak Wagiman, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, fi ìka lé ọrùn ọwọ́ Tarjo.

"Ọkàn ẹ ń sáré jù. Bọ́ kóòtù yẹn, kó o mu omi. O ò padà wọlé mọ́."

"Pak, ẹ fi mí sílẹ̀! Ènìyàn ò sí níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí mi ò bá gbé rọ́bà omi wọlé báyìí, ilé yẹn ti lọ nìyẹn."

"Kó máa lọ. Ọkàn ló pa Darmo, panápaná bíi tìẹ, lẹ́nu iṣẹ́ yìí, iná ò kàn án."

"Inú burúkú yín náà ni! Torí pé à ń yan ara wa lódì, lẹ ṣe fẹ́ kí ilé onílé jó?"

Lóòótọ́, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bínú síra wọn. Tarjo ò tẹ ẹnu ọ̀nà Wagiman rí.

Àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó fi ìbínú jókòó.

Òrùlé wó.

Obìnrin kan sáré dé láti ọjà, ó gbá Wagiman láṣọ mú.

"Bàbá Laras! Ṣé ojú yín náà nilé tá a jọ kọ́ ṣe jóná?"

Wagiman ò wo ilé. Ó tún ń wá ọrùn ọwọ́ Tarjo.

Tarjo na ọwọ́ sí i.