Baba Sípẹ́lì Kò Gbọ́ Ohun Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Sọ

Ẹlẹ́gàn ni Baba Sípẹ́lì. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìtẹ̀wé ni kí ó máa ka ohun gbogbo kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọra bí ìbejì ló fi ń dójú ti ènìyàn.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Dípò "lose", "loose" ló kọ. Baba Sípẹ́lì pariwo:

"Ẹ wá wò ó o! 'Lose' ni kí nǹkan sọnù. 'Loose' ni kí nǹkan dẹ̀. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ló dẹ̀ ni, àbí orí ẹni tó kọ ọ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó kọ ọ́ já ìwé rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, nítorí ìbẹ̀rù yẹ̀yẹ́, bí Baba Sípẹ́lì bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á kú lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ló ń jẹun ọ̀sán nídìí tábìlì rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, télọ̀ tó fi aṣọ rírán tọ́ ọ, tó sì rán an níwèé. Òun fúnra rẹ̀ kò kàwé púpọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wá mú un lọ sí ìlú òkèèrè, ó kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Kí inú àbúrò yìí lè dùn ló ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ó ní òun ń lọ ní ọjọ́ Ẹtì, kó wá kí òun fojú kàn án. Àmọ́ dípò "leaving", "living" ló kọ.

Baba Sípẹ́lì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fèsì pé: "Àǹtí mi, 'leaving' ni kí ènìyàn máa lọ. 'Living' ni kí ó wà láàyè. Ẹ tún un kọ." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò ronú kan ọjọ́ Ẹtì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá.

Ní ọjọ́ Àìkú ó lọ kí i. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ni ilé yọjú sí i.

"Ẹ ò mà wá," ni ó wí. "Ó jókòó síta títí ọkọ̀ fi dé. A ní ká pè yín. Ó ní ká fi yín sílẹ̀, pé bóyá òun ni kò kọ ọ́ kó yé yín."

Baba Sípẹ́lì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí, fóònù kò wọlé. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi pè é, Àǹtí ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ pọ́n kuku níbi iṣẹ́. Obìnrin tó ń di ìwé pọ̀ wò ó, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ béèrè, ó tún pa á dé. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tí Baba Sípẹ́lì lè sọ fún pé ọ̀fọ̀ ṣẹ òun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó dára kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tó jọra, kí a sì fi kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni ọ̀rọ̀, òun la fi ń wá ara wa kàn. Bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, kọ́kọ́ fèsì sí ohun tó ń sọ. Àtúnṣe lè dúró. Ẹni tó bá ń fi àṣìṣe ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, kó má sì rí ẹni bá sọ ọ́.